Ọmọ mi ń tú bẹ́líìtì lórí eré. Ṣé kí n fi ọ̀já dè é?

Màmá Mọ́wẹ́:

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ akàndá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje, ó ní ọ̀tísìm, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Èmi nìkan ni mò ń fi ọkọ̀ gbé e láti Mọ́wẹ́ lọ síbi ìtọ́jú rẹ̀ n'Íkẹjà. Kí a tó dé Ìbàfò, á ti tẹ bọ́tìnnì pupa yẹn, bẹ́líìtì á ti bọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn lórí eré. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi ọ̀já dè é mọ́ àga. Bàbá rẹ̀ ní kí n máa fún un ní Piriton kó lè sùn títí a ó fi dé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé e síwájú kí n máa fọwọ́ kan dì í mú. Ẹ má sọ pé kí n gba dírẹ́bà o, kò sówó. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kí n ṣe?

* * *

Bàbá Bọ́ọ̀sì:

Ẹ má ṣe ìkankan nínú wọn.

Bọ́ọ̀sì ilé ìwé àwọn ọmọ akàndá ni mò ń wà ní Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lẹ́nu àwọn òbí ní géètì. Gbogbo wọn ń wá bí ọmọ ṣe máa dákẹ́ ni. Ọmọ tó dákẹ́ lè wà nínú ewu ju èyí tó ń ké lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀já. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ń gba orí eegun ìbàdí àti ti èjìká kọjá, torí pé eegun ló lè gba agbára yẹn mọ́ra. Ọ̀já, ikùn ló máa wà, àbí kó yọ́ gòkè dé ọrùn. Bí ọkọ̀ bá sì gbiná ńkọ́, tàbí tó já sómi? Ta ló máa rí ìdí kókó ọ̀já tú? Bọ́tìnnì pupa ara bẹ́líìtì, ẹni tó ń ta gúgúrú létí títì mọ ibi tó ti máa tẹ̀ ẹ́.

Ti iwájú: báàgì afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní airbag tó wà níbẹ̀, àgbàlagbà ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Tó bá bẹ́ jáde, ó lè ṣe ọmọdé léṣe gan-an. Òfin ìrìnnà Èkó náà kò fẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 níwájú. Ọwọ́ kan tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi dì í mú yẹn wá ńkọ́? Ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tó bá lọ kọlu nǹkan, bí ìgbà téèyàn já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà 10 ni. Òkè ilé alájà mẹ́ta nìyẹn. Kò sí ìyá tó lè fọwọ́ kan hán ọmọ tó já bọ́ látibẹ̀.

Piriton, mo fi sílẹ̀ fáwọn nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa.

Ìbéèrè tèmi rèé: orí kí ni ọmọ náà ń jókòó lé? Ẹ sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì, ẹ ò sọ̀rọ̀ àga.

* * *

Nọ́ọ̀sì Òru:

Kí n yára dá sí i kí n tó lọ sùn. Piriton kì í ṣe oògùn oorun. Ara yíyún àti kátá ni wọ́n ń lò ó fún. Òótọ́ ni pé ó ń mú ọmọ míì tòògbé, àmọ́ àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń ta wọ́n jí, wọn ò ní lè jókòó sójú kan. Ẹni tó bá wárápá jà, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ta á sí i. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò lágbára, tó bá sùn lọ fọnfọn, orí rẹ̀ á wọ́ síwájú, ọ̀nà èémí á fún, ìyá tó ń wakọ̀ á máa dúpẹ́ pé ọmọ ti sùn. Phenergan tó jọ Piriton ńkọ́, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Bí dókítà tó mọ ọmọ yín bá kọ oògùn èébì ọkọ̀ fún un, ìyẹn yàtọ̀.

* * *

Ìyá Ìjẹ̀bú:

Ìwé àkàjù ló ń dà yín láàmú. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, orí ẹsẹ̀ mi ni gbogbo wọn ti ń lọ Òde tí wọ́n ti ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ara rẹ̀ ò le títí dòní. Pípọ̀n ni mò ń pọ̀n ọ́n, màá sì jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Kí ìyàwó gbọ́ ti ìyá ọkọ ẹ̀ o jàre.

* * *

Bàbá Bọ́ọ̀sì:

Ìyá wa, ẹ kú ọmọ títọ́. Mi ò bá yín jiyàn pé kò ṣe wọ́n. Àwọn tó ṣe ni kò sí níbí láti bá wa dá sí i.

Ọmọ tẹ́ ẹ pọ̀n sẹ́yìn nínú ọkọ̀, òun ló wà láàárín yín àti àga. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, tẹ́ ẹ lọ síwájú, tẹ́ ẹ tún padà sẹ́yìn, gbogbo ìwúwo yín, orí rẹ̀ ló máa balẹ̀ sí. Èyí tó wà lórí ẹsẹ̀ tí ìyá wá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo gbá ara rẹ̀ àti ọmọ mọ́ra, ìyá náà ló máa tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àga ọmọ lè dín ikú ọmọ ọwọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yìn ìyá kò sí nínú ìṣirò yẹn.

* * *

Màmá Mọ́wẹ́:

Bàbá, orí àga ọkọ̀ lásán ló ń jókòó o. Mo rò pé ọmọ ọwọ́ ló ni àga ọmọ. Ọmọ ọdún méje kọ́.

* * *

Bàbá Bọ́ọ̀sì:

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn.

Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ nínú ọgbà yín lónìí, ẹ má tanná sí ọkọ̀ náà. Ẹ wọ bẹ́líìtì fún un, kẹ́ ẹ wá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ kan àga dáadáa, tí orúnkún rẹ̀ sì ṣẹ́ sílẹ̀ ní etí àga? Ṣé ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì wà lórí ìtàn, ní ìdí ìbàdí, àbí ikùn ló wà? Ṣé ti òkè gba àárín èjìká, àbí ó ń gé e lọ́rùn? Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún méje, ọrùn ló máa ń gé. Ọmọ tó lè sọ̀rọ̀ á ní "Mọ́mì, ó ń dùn mí." Tiyín ò lè sọ ọ́, ó wá fọwọ́ sọ ọ́. Ẹ wá ń pè é ní agídí.

Booster ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò, àga kékeré tó ń gbé e sókè kí bẹ́líìtì lè bọ́ síbi tó yẹ. Èyí tó ní ẹ̀yìn dáa ju èyí tí kò ní, torí ó ní ibi tí bẹ́líìtì òkè ń gbà kọjá, kò ní máa yọ̀. Tí booster bá ti wà tó ṣì ń tú u, ẹ wá àga tó ní bẹ́líìtì olójú márùn-ún, ìyẹn èjìká méjì, ìbàdí méjì, àti ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀. Wọ́n ń ṣe èyí tó gba ọmọ ńlá. Kì í ṣe ohun tó pọ̀ lọ́jà wa, ó sì wọ́n.

Mo mọ ọmọkùnrin kan nínú bọ́ọ̀sì wa tó jẹ́ pé òwúrọ̀ kì í yọ wá lẹ́nu, ọ̀sán nìkan ló máa ń jà. Kékeré kọ́ o, á máa gé èèyàn jẹ. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú wọn fọwọ́ kan irin ẹnu bẹ́líìtì yẹn lọ́jọ́ kan, ó ta ọwọ́ padà. Inú oòrùn ni bọ́ọ̀sì máa ń wà láti àárọ̀, irin yẹn á ti gbóná bí irin ìlọṣọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í da aṣọ ìnuwọ́ bò wọ́n, a sì ń páàkì sábẹ́ igi. Ìjà lọ sílẹ̀.

Torí náà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wá nǹkan tó ń gún un. Ó lè jẹ́ lébẹ́ẹ̀lì ọrùn ẹ̀wù, ó lè jẹ́ oòrùn tó ń gba gíláàsì wọlé, ó sì lè jẹ́ fèrè dánfó àtàwọn ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ń gbá gíláàsì ní Bẹ́gà. Ìbotí tó ń dín ariwo kù ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́.

* * *

Ará Peckham:

Bàbá sọ ọ́ ire. Níbí nílùú ọba o, òfin ni: kí ọmọ tó pé ọdún 12 tàbí kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ó gbọ́dọ̀ wà nínú àga tó bá a mu. Ọmọ akàndá lè lo bẹ́líìtì tàbí àga tí wọ́n ṣe fún ìpèníjà rẹ̀. Dókítà sì lè fún ẹni tí kò lè lo bẹ́líìtì rárá ní ìwé pé kó má lò ó, àmọ́ wọn kì í fún èèyàn bí ẹní há àkàrà.

Ohun kan wà tí wọ́n ń fi bo bọ́tìnnì pupa kí ọmọ má lè tẹ̀ ẹ́. Mo lò ó fún ọmọbìnrin mi. Wọ́n fi gbogbo ẹnu ta á fún mi. Mo wá ń rò ó pé tí èmi bá dákú níwájú, ṣé ẹni tó fẹ́ yọ ọmọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i? Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára àga, mo sì fi ọ̀bẹ kékeré tó ń gé bẹ́líìtì sí ibi tí ọwọ́ àgbà nìkan lè dé.

Bàbá Bọ́ọ̀sì:

Èmi ò fẹ́ràn ìbòrí yẹn, mo sì ti bá òbí jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín òun àti ọmọ tó ń rìn káàkiri inú ọkọ̀ lórí eré, ẹ jẹ́ kó wà. Ọ̀já kọ́, ìbòrí ni. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bí ìyá yìí ṣe kọ ọ́.

* * *

Ọmọ Agége:

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí ìyá yẹn sọ lẹ ò tíì dá lóhùn o. Ṣebí tó bá ti tẹ lọ́ọ̀kì, gbogbo ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn?

Bàbá Bọ́ọ̀sì:

Rárá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wà tó jẹ́ pé tí ọmọ bá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn láti inú, á ṣí, lọ́ọ̀kì tàbí kò sí lọ́ọ̀kì. Child lock ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ wo etí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí irin lọ́ọ̀kì wà. Ẹ máa rí nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń tì sókè tàbí sísàlẹ̀. Nínú ọkọ̀ míì, ẹnu kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Ẹ tì í, kẹ́ni kan wà níta, kẹ́ni kan jókòó sẹ́yìn kó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Tí kò bá ṣí láti inú, ó ti wọlé. Ilẹ̀kùn méjèèjì o, kì í ṣe tiẹ̀ nìkan. Fèrèsé náà ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà.

Ẹ jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, kì í ṣe ẹ̀yìn yín gan-an. Ẹ̀yìn dírẹ́bà, á máa gbá àga yín nípàá, á máa fa irun yín. Apá ọ̀tún, ẹ lè yíjú wò ó díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ̀bá títì ló máa sọ̀ sí. Ẹ ti dì í lọ́wọ́ mú kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ọmọ Agége:

Ó dáa. Tó bá tú bẹ́líìtì ńkọ́? Gbogbo ìwé òyìnbó ní kẹ́ ẹ páàkì. Páàkì níbo? Mọ́rosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lálẹ́? Kí àwọn ọmọkọ́mọ wá bá a níbẹ̀?

Bàbá Bọ́ọ̀sì:

Ẹ ò purọ́. Dídúró lẹ́bàá mọ́rosẹ̀ yẹn ní ewu tiẹ̀, tírélà nìkan ti tó o, ká má tíì dárúkọ àwọn ọmọ burúkú. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ dín eré kù sí apá ọ̀tún, kẹ́ ẹ lọ wọ ilé epo tó bá súnmọ́. Níbẹ̀ lẹ ti máa dè é. Ẹ má pariwo. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ máa sọ ní gbogbo ìgbà, irú bíi "bẹ́líìtì, ọkọ̀ á lọ". Bẹ́líìtì bọ́, ọkọ̀ dúró. Bẹ́líìtì wọlé, ọkọ̀ gbéra.

Àmọ́ kì í ṣe orí mọ́rosẹ̀ la ti ń kọ́ ọmọ nírú ẹ̀. Inú àdúgbò ni. Ẹ wà á yí ilé po ní Sátidé, láìsí ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá tú u, ẹ dúró. Ó máa sú yín kó tó sú u, ṣùgbọ́n owó epo yẹn kò ṣòfò.

* * *

Ìyá Àbíkẹ́:

Ẹ jọ̀wọ́, tèmi yàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin, obìnrin, ó ní cerebral palsy, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara gbọ́ràn. Kì í tú nǹkan kan, orí rẹ̀ ló máa ń ṣubú. Mo ra àga tòkúnbọ̀ kan, mo fi ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wọ́n ní kí n fi gèlè so iwájú orí rẹ̀ mọ́ àga.

Bàbá Bọ́ọ̀sì:

Ẹ yọ ìrọ̀rí yẹn lónìí. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ọmọ tàbí lábẹ́ rẹ̀, tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, á tẹ̀ wọlé, bẹ́líìtì tẹ́ ẹ rò pé ó le á ti dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló lè wà: ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì méjì, ẹ fi ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì, láti èjìká dé orí. Tó bá ń yọ̀ wálẹ̀, ẹ ká èyí tó kéré síwájú, láàárín bẹ́líìtì àárín ẹsẹ̀ àti ọmọ. Ẹ dẹ àga náà sẹ́yìn dé ibi tí ìwé rẹ̀ gbà kó dẹ̀ dé.

Orí dídè, ẹ má dán an wò. Ara á lọ síwájú, orí á dúró, ọrùn ló máa jìyà rẹ̀. Bí ìwọ̀n àti gíga rẹ̀ bá ṣì bá àga tó kọjú sẹ́yìn ọkọ̀ mu, ẹ jẹ́ kó kọjú sẹ́yìn. Àga yẹn á gbé orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fáwọn ọmọ tó ní Down syndrome, ìyẹn ìpèníjà kan tí wọ́n bí mọ́ wọn, torí ọ̀pọ̀ wọn ni oríkèé ọrùn wọn máa ń dẹ̀.

Tòkúnbọ̀ wá ńkọ́? Ẹ dojú àga náà bolẹ̀, ẹ wá déètì tí wọ́n tẹ̀ sára ike. Ọjọ́ orí àga ò gbọdọ̀ kọjá ohun tí iléeṣẹ́ tó ṣe é sọ, ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín ọdún 6 sí 10. Ẹ wo ike bóyá ó ti sán, ẹ fa bẹ́líìtì rẹ̀ wò bóyá ó ti já lára. Ẹni tó ń tà á á búra pé kò jáǹbá rí. Ṣé òun ló bá a wá látòkè òkun? Tí déètì ò sí, tí ìwé ara rẹ̀ ti ya, mi ò ní gbé ọmọ sínú ẹ̀. Àwọn kan nínú wa ò gbà fún mi lórí èyí, wọ́n ní àga àlòkù sàn ju òfo lọ. Àlòkù tó ṣì ní déètì, tí ara rẹ̀ pé, mo gbà.

Tẹ́ ẹ bá ti wọ bẹ́líìtì fún un, ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti fún un pọ̀ níbi èjìká. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan fún pọ̀, ó ṣì dẹ̀. Ọjọ́ òde ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó dé ibi ìnáwó kó tó wọ aṣọ òkè.

Ẹ má fún un ní gálà tàbí búrẹ́dì lórí eré. Ọmọ tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò dúró dáadáa, oúnjẹ lè há a lọ́fun, ẹ ò sì ní gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Òru:

Mo fi gìrì kún un, torí ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyí ló ń ní in. Tó bá mú un nínú ọkọ̀, ẹ páàkì síbi tó dáa, ẹ wo aago. Ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má ki ìka, ẹ má fún un ní omi tàbí àgbo. Tó bá ń mí dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ nínú àga, kẹ́ ẹ dẹ àga sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Tí èémí ò bá já geere, ẹ gbé e jáde, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ni.

* * *

Alájọwọ̀:

Ọ̀rọ̀ olówó lẹ̀ ń sọ látàárọ̀. Dánfó lèmi àtọmọ mi ń wọ̀. Bẹ́líìtì wo ló wà níbẹ̀?

Bàbá Bọ́ọ̀sì:

Òótọ́ ni. Mi ò ní tàn yín pé ọ̀nà kan wà tí dánfó fi lè dà bí ọkọ̀ tó ní àga ọmọ.

Ohun tí mo máa ṣe rèé. Mi ò ní gbé e sí iwájú, mi ò ní jẹ́ kó jókòó lórí ẹ́ńjìnì tàbí lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹdọ́. Ìlà àárín, èmi lápá ẹnu ọ̀nà, òun lápá inú. Màá sanwó àga rẹ̀. Kọ̀ǹdọ́ á pariwo pé kí n gbé e lẹ́sẹ̀, màá jẹ́ kó pariwo. Wákàtí tí èrò ò pọ̀ ni màá wá, màá sì bẹ ibi ìtọ́jú pé kí wọ́n fún mi ní aago mọ́kànlá dípò mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ táwọn èèyàn ń fi fóònù pè, bẹ́líìtì ẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ wò kí n tó wọlé. Ọ̀kadà, rárá.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lo wíìṣíà: bó bá ṣeé gbé bọ́ sórí àga ọkọ̀, ẹ gbé e bọ́, kẹ́ ẹ fi wíìṣíà sínú búùtù. Bí kò bá ṣeé ṣe, iwájú ni wíìṣíà gbọ́dọ̀ kọjú sí, kò gbọdọ̀ kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ọmọ fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́líìtì tó bá wíìṣíà wá kò tó.

* * *

Màmá Mọ́wẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo wò ó bí bàbá ṣe ní kí n wò ó, ọrùn ló ń gé lóòótọ́. Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí booster elẹ́yìn. Mo ti ti child lock. Ìyá ọkọ mi ṣì ń bínú. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n máa fún un ní fóònù lórí eré? Tó bá ti ń wo eré ọmọdé, kì í ṣèyọnu.

Bàbá Bọ́ọ̀sì:

Ẹ fún un, ṣùgbọ́n kó má wà lọ́wọ́ lásán. Fóònù, ìgò omi, ohun ìṣeré onírin, gbogbo wọn ló máa fò tí ọkọ̀ bá dúró gán-ín. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn àga iwájú.

Ẹ wá kọ páálí kékeré kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara booster yẹn. Orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ nílé, pé ó ní ọ̀tísìm, pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé ó lè sá tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, oògùn tó ń lò, ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, nọ́ńbà ẹni méjì yàtọ̀ sí tiyín. Torí tó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀yin ò lè sọ̀rọ̀, òun náà ò ní lè sọ. Ẹ kọ 122 ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sí i, àti 112. Ẹ fi bírò tí omi ò lè pa rẹ́ kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá, Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì.